Ètò Marie Skłodowska-Curie fún ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ wádìí àjọgbé ẹ̀dá: ohun tí mo rí níbẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé sí ètò ìrànwọ́ ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ń fi orúkọ Marie Skłodowska-Curie ṣe fún àwọn tí wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 2022, wọn kò mú mi. Ní ọdún 2024, wọ́n mú mi, orílẹ̀-èdè Netherlands ni mo sì ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìlọrin máa ń bi mí bóyá ètò náà tó ohun tí ènìyàn ń fi odidi oṣù mẹ́sàn-án lé, nítorí náà mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó ti jẹ nínú oúnjẹ náà, tó sì mọ ibi tí iyọ̀ rẹ̀ ti tó àti ibi tí kò ti tó. Ojú kan pàtó ni n óò fi wò ó, ojú ẹni tó fẹ́ wádìí bí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ṣe wáyé láàárín àwọn ẹ̀dá, tó fẹ́ mọ bí ẹ̀dá méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà ṣe ń gbé pọ̀ láti ìran dé ìran fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láìjẹ́ pé ọ̀kan rẹ́ èkejì jẹ tán. Àjọgbé ni n óò máa pè é.

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà dàbí ohun tó jìnnà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti oko ẹ̀wà. Nígbà tí ẹ̀wà bá ti lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà nínú ilẹ̀, tó ń múra àtitanná, ẹ fi ọkọ́ wa ìdí ọ̀kan pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Ẹ má fà á tu, nítorí ohun tí à ń wá yóò já sínú ilẹ̀. Ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò rẹ̀, ẹ óò sì rí àwọn kókó kéékèèké tó so mọ́ ọn, àwọn mìíràn kò ju orí ìṣáná lọ, àwọn mìíràn tó ìdajì hóró ẹ̀wà. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ojú ọgbẹ́ tuntun, àwọn bakitéríà tó ń gbé ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́: wọ́n ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́, èyí tí ẹ̀wà kò lè gbà fúnra rẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún un, ẹ̀wà náà sì ń fi ṣúgà tó ti ara ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe bọ́ wọn. Bí inú kókó náà bá funfun, tàbí bí ó bá ní àwọ̀ ewé, iṣẹ́ kò lọ níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọ̀ pupa yẹn kàn ṣèèṣì jọ ti ẹ̀jẹ̀. Ìbátan èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tiwa gan-an ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa díwọ̀n ọ́síjìn fún àwọn àlejò inú ilé. Bàbá mi àgbà, tó dáko títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀bá Ìsẹ́yìn, kò gbọ́ nípa bakitéríà rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ibi tí òun bá gbin ẹ̀wà sí lọ́dún yìí ni àgbàdo yóò ti ṣe dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìbéèrè tó ti gba ọkàn mi láti ìgbà tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ni pé, kí ni kò jẹ́ kí bakitéríà kan jókòó sínú kókó, kí ó máa jẹ ṣúgà onílé, kí ó má sì ṣe iṣẹ́ kankan? Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń jẹ tí kò mú nǹkan wá sì wà ní gbogbo àwùjọ, ti ènìyàn àti ti kòkòrò. Ní ọdún 2003, Toby Kiers àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n lò. Wọ́n yọ náítírójìn kúrò nínú afẹ́fẹ́ tó yí àwọn kókó kan ká, wọ́n sì fi ágọ́nì, afẹ́fẹ́ kan tí bakitéríà kò lè sọ di oúnjẹ, rọ́pò rẹ̀, kí àwọn bakitéríà inú kókó náà má baà lè ṣiṣẹ́ bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́. Sóyà kò mọ̀ pé ènìyàn ló fa èyí. Ohun tó rí ni pé àlejò yìí kò mú nǹkan wá mọ́. Ọ́síjìn inú àwọn kókó ọ̀lẹ náà dín kù, àwọn bakitéríà tó wà níbẹ̀ kò sì rí ọmọ bí tó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àáró láyé àtijọ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: ẹni tó bá sá fún oko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tó bá kan oko tirẹ̀, òun àti ọkọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò pàdé níbẹ̀.

Àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí dé gbòǹgbò kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wà níbi tí owó ètò tí mo ń sọ yìí dé. Kiers wà ní Vrije Universiteit ní Amsterdam, ó sì ti gbájú mọ́ àwọn ẹ̀dá ẹbí olú tí wọ́n ń ta fọ́nrán wọn mọ́ gbòǹgbò igi lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń fi fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, èròjà inú ilẹ̀ tí igi nílò, gba ṣúgà lọ́wọ́ igi. Stuart West àti Ashleigh Griffin wà ní Oxford, níbi tí wọ́n ti ń fi ìṣirò àti àyẹ̀wò wá ìdí tí ẹ̀dá kan fi ń ran òmíràn lọ́wọ́. Ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Max Planck tó wà ní Bremen ní Jámánì, ẹ̀ka tí Nicole Dubilier gbé dìde ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ekòló kan nínú iyanrìn òkun lẹ́bàá erékùṣù Elba, ekòló tí kò ní ẹnu, tí kò sì ní ìfun, tó jẹ́ pé bakitéríà abẹ́ awọ rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ní ilé Max Planck mìíràn ní Jena, Martin Kaltenpoth ń wo agbọ́n kan tó ń fi ìwo orí rẹ̀ kun bakitéríà sí àjà ilé ọmọ rẹ̀, kí èbu má baà pa ọmọ náà nínú ilẹ̀.

Ti Copenhagen ni ó sún mọ́ wa jù. Níbẹ̀ ni Michael Poulsen àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wádìí nípa ikán tó ń dáko. Olú tí àwọn ìyá wa máa ń já ní ẹ̀gbẹ́ ògán lẹ́yìn òjò kì í ṣe olú tó ṣèèṣì hù; irè oko ikán ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ikán ń jẹ igi àti ewé gbígbẹ, wọ́n ń to ìgbẹ́ wọn bí ebè nínú ògán, wọ́n ń gbin èso olú sórí rẹ̀, èyí tó hù níbẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ. Àyẹ̀wò ìran wọn fi hàn pé inú igbó kìjikìji ilẹ̀ Áfíríkà ni iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ó sì jẹ́ ohun ìwúrí àti ohun ìrora fún mi lẹ́ẹ̀kan náà pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ògán ẹ̀yìnkùlé wa dáadáa lè ní láti wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Denmark.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tó ní oyè ọ̀mọ̀wé, ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́, yóò wá alábòójútó kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Yúróòpù tàbí ní orílẹ̀-èdè tó bá wọn dọ́wọ̀ọ́ pọ̀ nínú ètò Horizon Europe, ètò ńlá tí Yúróòpù fi ń náwó sórí ìwádìí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dara pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nítorí náà Oxford wà lára wọn. Àwọn méjèèjì yóò jọ kọ àbá ìwádìí, ojú ewé 10 péré ni wọ́n fún un, iṣẹ́ náà yóò sì gba oṣù 12 sí 24. Ní ìpè ọdún 2024 àti 2025, ìyẹn ìgbà tí wọ́n kéde pé kí àwọn ènìyàn wá kọ̀wé, wọn kò gba ẹni tí ìrírí ìwádìí rẹ̀ lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé bá ju ọdún mẹ́jọ lọ, wọn kò sì gba ẹni tó bá ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó ṣáájú gbèdéke. Àwọn onímọ̀ láti ibi púpọ̀ ló ń ka àbá náà: ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì ni ti ìjìnlẹ̀ iṣẹ́ náà, 30 ni ti àǹfààní rẹ̀, 20 sì ni ti bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ̀wé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ kì í ṣe owó. Ó jẹ́ pé ìbéèrè tìrẹ ni wàá gbé lọ. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ọ̀mọ̀wé tuntun ń rí ní òkè òkun jẹ́ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti gé sílẹ̀: alábòójútó ti gba owó, ó ti kọ ohun tí yóò ṣe, ọwọ́ àti ojú ló kù tó ń wá. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀wà kì í sábà sí níbẹ̀, ògán kì í sí níbẹ̀. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀wà jù lọ ní gbogbo àgbáyé, síbẹ̀ bakitéríà inú kókó ẹ̀wà oko wa kì í ṣe ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilẹ̀ òtútù yóò dá rò fúnra rẹ̀. Ètò yìí jẹ́ kí èmi ọmọ àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn sọ pé ẹ̀wà olóyin ni mo fẹ́ bi léèrè, bí ó ṣe ń mọ àlejò rere yàtọ̀ sí olè nínú ilẹ̀ tó ti ń gbé pẹ̀lú wọn tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì fi ọdún méjì gbáko fún mi láti bi í.

Èyí tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ètò náà kò bá ènìyàn wá alábòójútó tó dára, bẹ́ẹ̀ alábòójútó ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń kéde pé àwọn ń gba àlejò, ẹ óò rí àtòkọ gígùn, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan lórí àtòkọ náà tó ń sọ fún yín bóyá ẹni náà ń dáhùn lẹ́tà, bóyá àwọn tó kọ́kọ́ gbà rí iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ó ń fi orúkọ wọn ṣáájú lórí ìwé tí wọ́n bá tẹ̀. Ẹni tó wà ní Copenhagen lè béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ nídìí kọfí. Ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2022, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ gbà láti bá mi kọ̀wé ní oṣù kẹrin. Mo kọ àbá, mo fi ránṣẹ́, mo dúró. Oṣù kẹfà kọjá, oṣù keje kọjá. Nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí gbèdéke pé, ó kọ ìlà mẹ́ta sí mi pé òun ti ń bá ẹlòmíràn ṣe ti ọdún náà. Mo sáré wá ẹlòmíràn, ó gbà mí tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ mọ́kànlá kì í ṣe àkókò tí ènìyàn méjì tí kò mọ ara wọn rí fi ń kọ ohun tó nítumọ̀. Máàkì 68.4 ni a gbà.

Máàkì yẹn ní ìyà tirẹ̀ nínú. Òfin ìgbà náà ni pé àbá tí kò bá dé 70, ẹni tó kọ ọ́ kò gbọdọ̀ padà wá pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin yìí, nítorí àwọn tó ń kọ̀wé ti pọ̀ ju ọwọ́ àwọn tó ń kà á lọ. Ní ìpè ọdún 2024, ìwé 10,360 ni wọ́n gbà, ènìyàn 1,696 ni wọ́n sì fún lówó, èyí tó jẹ́ bí ẹnì kan nínú mẹ́fà. Ní ọdún 2025, ìwé náà fò sókè di 17,058. Ṣùgbọ́n òfin náà ń dun ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá ju ẹni tó wà nítòsí lọ, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó dáhùn lẹ́tà rẹ̀ ni wọ́n tì mọ́ ọn lójú. Bí ẹ bá rí i pé àbá yín kò tíì jinná, ẹ dá a dúró di ọdún mìíràn.

Ìwé àlàyé tí àwọn onímọ̀ fi tẹ̀ lé máàkì mi ló kọ́ mi ní ohun tó ṣe pàtàkì jù, mo sì gbóríyìn fún ètò náà fún un, nítorí kì í ṣe gbogbo ètò ló ń sọ ìdí. Nínú ohun tí wọ́n fi ń wọn ìjìnlẹ̀ àbá, apá kan wà tó ń béèrè ìmọ̀ tí àlejò máa gbà lọ́wọ́ onílé, àti ìmọ̀ tí onílé máa gbà lọ́wọ́ àlejò. Mo ti kọ ìdajì ojú ewé lórí ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́: bí wọ́n ṣe ń ka àbùdá bakitéríà, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ wo inú kókó láìgé e. Lórí ohun tí mo máa mú wá, ìlà kan ni mo kọ, pé mo jẹ́ òṣìṣẹ́ kára. Ó tì mí lójú nígbà tí mo tún un kà. Èmi tó ń fi ọjọ́ ayé mi wádìí àlejò tó ń jẹ tí kò mú nǹkan wá, mo ti kọ ara mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn. Òótọ́ kọ́ sì ni, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo mọ ilẹ̀ tí ẹ̀wà ti ń so kókó púpọ̀ tí inú rẹ̀ funfun, mo mọ àwọn àgbẹ̀ tó ń pa irúgbìn ìdílé wọn mọ́, mo sì ti kó bakitéríà jọ láti oko méjìlélógún láàárín Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Kò sí ẹni tó ní ìyẹn nínú gbogbo ilé tí mo fẹ́ lọ.

Ìgbà kejì, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni mo bẹ̀rẹ̀, gbèdéke sì wà ní oṣù kẹsàn-án. Kí n tó yan ẹnikẹ́ni, mo kọ̀wé sí àwọn mẹ́rin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí mo ń wò, àwọn tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀, tí wọn kò ní ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: bí ó bá tún di òní, ṣé ẹ máa padà síbẹ̀? Mẹ́ta dáhùn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi ojú ewé kan ránṣẹ́ sí ẹni náà, kì í ṣe ìwé ìtàn ìgbésí ayé mi, ìbéèrè mi ni, pẹ̀lú àwòrán gbòǹgbò ẹ̀wà méjì láti oko kan náà, ọ̀kan tí kókó rẹ̀ pọ́n nínú, ọ̀kan tí tirẹ̀ funfun. Láàárín ọjọ́ méjì, ó dáhùn pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́fà. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Apá kan wà tí àwọn ọmọ wa máa ń fojú fò dá tí ó yẹ kí wọ́n kọ sínú àbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Bakitéríà oko kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dì sínú àpò tí ó sì ń gbé kọjá òkun. Àdéhùn Nagoya, tí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 2010, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2014, sọ pé orílẹ̀-èdè tí ohun ẹlẹ́mìí ti wá ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lò ó, kí ó sì pín nínú èrè tó bá ti ibẹ̀ jáde. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà wà níbẹ̀, wọ́n sì ní òfin tiwọn tó mú un lágbára. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwé àyẹ̀wò ọ̀gbìn wà láti gbà ní ilé kí irúgbìn tó lè wọ ìlú wọn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ètò iṣẹ́ wa, oṣù mélòó tí yóò gbà àti ẹni tí yóò ṣe é, mo sì gbàgbọ́ pé ibẹ̀ ni àwọn tó ka àbá náà ti rí i pé a mọ ohun tí à ń ṣe. Ó tún dùn mọ́ mi nínú, nítorí ohun àwọn àgbẹ̀ wa ni, kò sì yẹ kí wọ́n gbọ́ pé wọ́n kó o lọ bí ohun tí kò ní olówó.

Ní ti owó, ẹ fara balẹ̀ ka iye tí wọ́n kọ. Nínú ìpè ọdún 2024, owó ìgbé ayé jẹ́ 5,080 yúrò lóṣù, owó àtìpó jẹ́ 600, owó ìdílé sì jẹ́ 660 fún ẹni tó bá ní ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ. Ẹni tó bá sọ 5,080 di náírà yóò jó. Ṣùgbọ́n iye náà kì í ṣe ohun tó máa wọ ọwọ́ yín. Wọ́n ń fi bí ọjà ṣe wọ́n ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tún un ṣírò, lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ máa yọ ìpín agbanisíṣẹ́, owó orí, owó ìfẹ̀yìntì àti ìdójútòfò kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù ṣì tó ẹni jẹ, ó tó ìdílé kékeré pẹ̀lú ìṣọ́ra, ṣùgbọ́n ilé gbígbà ní Amsterdam tàbí Copenhagen yóò gba apá ńlá nínú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ ibẹ̀ iye tó máa kù gan-an kí ẹ tó ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni nílé. Anfààní tó wà níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ lẹ jẹ́, ẹ ní ìwé àdéhùn iṣẹ́, ẹ ní ìsinmi, ẹ sì ní ìtọ́jú ìlera. Ilé-ẹ̀kọ́ náà tún ń gba 1,000 yúrò lóṣù fún ìwádìí àti ẹ̀kọ́ yín, ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè bí wọ́n ṣe ń ná an.

Ìwé ìgbélùú kò le tó bí mo ṣe rò, nítorí ní Netherlands ilé-ẹ̀kọ́ tó gba ènìyàn ló ń bá a tọrọ rẹ̀. Ohun tó gba àkókò ni ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní Abuja kí ó tó lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ ìròyìn ayọ̀, bí ẹ kò bá ti ṣe é tẹ́lẹ̀.

Àwọn ètò mìíràn wà. Bí ó bá jẹ́ Jena tàbí Bremen lẹ ń wò, ẹ wo ti Humboldt ní Jámánì dáadáa, nítorí wọ́n ń kọ́ ẹni àti ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ ní èdè, wọn kì í sì í gbàgbé ẹni tí wọ́n bá ti gbà lẹ́ẹ̀kan; ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ṣì lè pè é padà wá ṣe ìwádìí. Ti Human Frontier, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Strasbourg, ń fúnni ní ọdún mẹ́ta, ẹni tó fẹ́ kúrò nínú ohun tó mọ̀ bọ́ sí òmíràn ni wọ́n ń wá. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìṣirò tàbí físíìsì tó fẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀ àjọgbé, n kò mọ èyí tó dára jù ú lọ. Ti EMBO, àjọ àwọn onímọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ní Yúróòpù, dára, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ẹni tí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ bá ti ju ọdún méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lo ọdún méjì yẹn níbi tí à ń wá iṣẹ́ olùkọ́ nílé. Ẹ má sì fojú kéré iṣẹ́ tí alábòójútó fúnra rẹ̀ ní owó rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ọdún 2019 ni àjọ Moore ní Amẹ́ríkà ti ń náwó sórí àjọgbé inú omi, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló sì ti gba iṣẹ́ nípasẹ̀ irú owó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ẹlòmíràn ni wọ́n ń dáhùn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò dúró fún oṣù mẹ́sàn-án.

Bí wọ́n bá ní kí n fún ètò Marie Skłodowska-Curie ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún ni n óò fún un. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ jẹ́ ti àwọn tí kò rí alábòójútó, tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n wá a. Ó yẹ fún ẹni tó ti ní ìbéèrè tirẹ̀, tó ní nǹkan lọ́wọ́ tó lè gbé síwájú onílé, tó sì lè dúró fún ọdún kan ààbọ̀ láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ tó máa wọ iṣẹ́. Kò yẹ fún ẹni tí owó ilé ń dà láàmú báyìí. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀wà, lórí ikán, lórí olú tàbí lórí ohun mìíràn tó ń gbé pọ̀ nílẹ̀ wa, tó sì fẹ́ kọ̀wé sí ìpè tó ń bọ̀, kí ó lọ ka òfin ọdún náà lákọ̀ọ́kọ́, nítorí wọ́n máa ń yí i padà. Lẹ́yìn náà kí ó kọ ojú ewé kan, kí ó fi àwòrán kan sí i, kí ó sì wá àwọn tó ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n náà rí kí ó tó fi ránṣẹ́ sí i. Àwọn irúgbìn ẹ̀wà mi láti Ìsẹ́yìn ti gba ìwé àṣẹ wọn, wọ́n ti dé, mo sì gbìn wọ́n sínú ìkòkò 60 ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, n óò la kókó wọn wò.